Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ fún Amọ̀nà

Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń kúnlẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe àna mi. Mo kúnlẹ̀ fún un lórí iyanrìn, mo kúnlẹ̀ fún un nínú omi, mo sì gbìyànjú láti kúnlẹ̀ fún un nínú ọkọ̀ ojú omi, èyí tí ó mú kí ọlọ́kọ̀ bú mi ní èdè Gùn. Àna mi gan-an wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dúró sí, ó ń wò mí.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mò ń gbé ní Kútọnú nígbà náà. Tàńtí ni mò ń pè é. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe, èmi a máa bá a rán etí aṣọ, n ó sì máa rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Mo lọ sí ilé ìwé díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn sísítà, mo lè kàwé, mo sì lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, abẹ́ tábìlì ìránṣọ ni ẹ ó ti bá mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ akọ̀wé ní ilé ìtajà kan ní Ganhi. Ó máa ń gbé ṣòkòtò wá fún àtúnṣe. Ṣòkòtò kan náà ni. Tàńtí ní òun kò rí ṣòkòtò tí ó ń ya tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ó yá, ọmọkùnrin náà sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, èmi náà sì dáhùn pé mo gbọ́, láti abẹ́ tábìlì.

Ìyá rẹ̀ ní Kétu ni kò gbà. Ó ní àwọn ọmọ Kútọnú kò mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àna, pàápàá èyí tí ó bá ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé. Wọ́n ní kí bàbá rẹ̀ wá wò mí. Ohun tí bàbá bá sọ nígbà tó bá padà sílé ni gbogbo wọn yóò tẹ̀ lé. Bí mi ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, nítorí ọmọbìnrin kan ti wà ní Kétu tí wọ́n ti fojú sí lára fún un. Mo sì fẹ́ akọ̀wé náà. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí ṣòkòtò rẹ̀ bá wọlé, n kì í fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn títí n ó fi rán an tán.

Bàbá kò rí òkun rí. Ọmọ rẹ̀ bá lọ bá amọ̀nà kan, ọ̀kan nínú àwọn tí ó máa ń mú àwọn òyìnbó tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ wo etí òkun àti igbó. Ó ní kí ó fi odindi ọjọ́ kan mú bàbá nìkan kiri, kí èmi àti Tàńtí sì bá wọn lọ, kí bàbá lè rí mi dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ kò ráyè, ọkọ̀ kan ń já ẹrù ilé ìtajà wọn. Ó ní kí a wọ kamiyọ́n, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé èrò, lọ sí Godomey, pé bàbá àti amọ̀nà yóò dúró dè wá lábẹ́ àwọn igi àgbọn, òun yóò sì wá pàdé wa ní ìrọ̀lẹ́.

Tàńtí kò dákẹ́ nínú kamiyọ́n.

"Má wo ojú wọn. Ẹsẹ̀ wọn ni kí o máa wò. Kúnlẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, kúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán. Má jẹun lójú wọn. Má la ẹnu àfi tí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan."

"Tí wọ́n bá bi mí ńkọ́?"

"Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wàá tún un ṣe lẹ́yìn ìgbéyàwó."

Ọkùnrin méjì ló dúró lábẹ́ àgbọn. Ọ̀kan wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó dé akẹtẹ̀, ó wọ bàtà dúdú tí ó ń dán. Èkejì wọ bùbá tí ó ti ṣá, ẹsẹ̀ lásán ló fi dúró, ó fi okùn so sálúbàtà rẹ̀ kọ́ èjìká. Ẹ̀ẹ̀kan ni Tàńtí wò wọ́n.

"Oníbàtà ni," ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàbá akọ̀wé kò lè máa rìn lẹ́sẹ̀ lásán."

Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú bàtà náà. "Ẹ káàárọ̀, bàbá."

"Ọmọ yín rèé," ni Tàńtí wí.

"Ó dára," ni oníbàtà dáhùn. "Ó dára gan-an."

A ò mọ̀ pé ọ̀gá ọkọ̀ òyìnbó kan ló fi bàtà àti jákẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ fún un nígbà tí ó ń lọ sí ìlú rẹ̀, a ò sì mọ̀ pé iyanrìn ló mú kí bàbá bọ́ tirẹ̀. Ọmọ Gùn tó gbọ́ Nàgó, èdè tiwa, dáadáa ni amọ̀nà náà. Ó ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà pé òun rò pé bí àwọn Nàgó ṣe máa ń kí amọ̀nà nìyẹn. Òyìnbó a máa bọ amọ̀nà lọ́wọ́, Nàgó a kúnlẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú àṣà tirẹ̀.

Tàńtí gbé agbọ̀n oúnjẹ wa, ó nà án sí ẹlẹ́sẹ̀ lásán. Ọkùnrin náà wo Tàńtí, ó wo agbọ̀n, ó gbé e sórí.

Òkun ibẹ̀ kì í ṣe omi tí ènìyàn ń fi ṣeré. Etí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ bí òrùlé. Ìgbì yóò gbéra lókèèrè, yóò ga, yóò ga sí i, yóò wá wó lulẹ̀ bí ẹni da òkúta sílẹ̀ nínú kamiyọ́n. Atẹ́gùn ń gbá iyanrìn mọ́ wa lójúgun. Oníbàtà na ọ̀pá rẹ̀ síwájú.

"Òkun nìyí," ó wí.

Mo kúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ìgbì ṣe ń dojú ọkọ̀ dé, bí wọ́n ṣe ń fi apẹ̀rẹ̀ sọ àwọn òyìnbó kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré, àti bí ìyàwó òyìnbó kan ṣe bì sí fìlà ọkọ rẹ̀.

"Tàńtí," mo sọ sí i létí, "ṣé wọn ò sọ pé bàbá ò rí òkun rí ni?"

Tàńtí ronú díẹ̀. "Wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kí wọ́n tó wá. Àgbà tó gbọ́n ni."

Mo bu omi mímu sínú ife lọ fún un. Mo kúnlẹ̀, mo na ife sókè, ojú mi wà lórí bàtà. Bàtà náà yí padà lójijì, ó sáré lọ. Mo ṣì ń ronú ohun tí mo ṣe tí kò dára nígbà tí ìgbì dé. Ó yí mi bí àgbọn, iyọ̀ kún imú mi, ife lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ lásán ló di apá mi mú tí ó wọ́ mi gòkè. Agbọ̀n kò kúrò lórí rẹ̀.

Ojú kì í tì mí lọ́dọ̀ irú rẹ̀. Kí ló kàn án bóyá mo dára tàbí mi ò dára? Mo dojú kọ ọ́.

"Irú amọ̀nà wo ni yín? Ẹ rí omi tó ń bọ̀, ẹ ò lè ké sí ènìyàn?"

"Mi ò mọ̀ pé ó máa ń lé ènìyàn dé ibí," ó wí. "Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i nìyí."

"Amọ̀nà tí kò rí òkun rí." Mo wẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bàbá tó wà lọ́hùn-ún yẹn gbọ́ o. Wọ́n á lé yín."

Ó wò mí. Ó wo oníbàtà tí ó ń fi aṣọ nu bàtà rẹ̀. Ó tún wò mí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó wúkọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀, mo sì ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn.

Nígbà tí ó di àkókò oúnjẹ, Tàńtí gbé ẹ̀kọ àti ẹja díndín ka iwájú oníbàtà. Èmi kò lè jẹun níbẹ̀. Mo kó tèmi sínú ewé, mo lọ jókòó sẹ́yìn igi àgbọn kan tí ó ti wó. Ẹlẹ́sẹ̀ lásán tẹ̀ lé mi.

"Kí ló dé tí o ò jẹun lọ́dọ̀ wọn?"

"Àna mi ni. Mi ò lè jẹun lójú wọn."

"Èwo ni àna rẹ?"

"Ẹ má pariwo. Oníbàtà."

Ó yọ eegun kan lẹ́nu, ó tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. "Irú ènìyàn wo ni?"

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀ jù," mo wí. "Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n háyà fún un."

"Ọmọ rẹ̀ náà ńkọ́?"

"Kò jọ wọ́n, mo dúpẹ́. Òun kì í pariwo. Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí títí ènìyàn yóò fi rí i. Ẹ̀yin gan-an lẹ jọ ọ́ díẹ̀, níbi etí."

Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀. "Èmi?"

"Ẹ má jẹ́ kó dùn mọ́ yín jù. Etí rẹ̀ tóbi."

Ó tún wúkọ́. Mo wá bi í ní ohun tí ó wà lọ́kàn mi láti àárọ̀. "Bàbá amọ̀nà, ṣé ẹ rò pé mo tẹ́ wọn lọ́rùn? Tí mi ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọmọ Kétu kan ni wọ́n máa fẹ́ fún un."

"Mi ò mọ inú rẹ̀," ó wí. "Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀rù rẹ ti ń bà á. Bó bá fẹ́ fun imú báyìí, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá o ti ń kúnlẹ̀."

Ìyẹn kò tù mí nínú. Ó ti jẹ ẹja méjì, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ti Tàńtí ni.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà. Ọkọ̀ náà ń jò. Mo fún ẹlẹ́sẹ̀ lásán ní igbá pé kí ó máa gbọ́n omi, nítorí kò sí ohun mìíràn tí mo rí pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ń gbọ́n ọn. Nígbà tí a gúnlẹ̀, a wọ inú igbó. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì tutù, àwọn igi ga débi pé ọrùn ń dun Tàńtí, ìtàkùn so wọ́n pọ̀ lókè, omi ń kán láti orí ewé bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kò rọ̀. Ọ̀bọ ń sọ èso lù wá. Oníbàtà dúró, ó na ọ̀pá sí igi kan, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé gígùn.

Nítorí pé ẹsẹ̀ ni mò ń wò, èmi ni mo kọ́kọ́ rí ìjàlọ. Wọ́n ti tò lórí bàtà náà. Mo rọra fa ẹlẹ́sẹ̀ lásán láṣọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún bàbá pé ìjàlọ ń gun bàtà wọn."

"Sọ fún un fúnra rẹ."

"Wọn ò tíì bi mí ní nǹkan."

"Ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Mo rí i."

Oníbàtà yíjú sí mi. "Ọmọ, ṣé o ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ?"

Mo kúnlẹ̀, mo yẹra fún ìjàlọ díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ṣé igi yìí wù ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ibi tí ìjàlọ dé lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè kọ ọ́. Oníbàtà ju ọ̀pá nù, ó kígbe ní Gùn, ó sá sẹ́yìn igi náà. Bàtà kan fò jáde, èkejì tẹ̀ lé e, jákẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ṣòkòtò. Tàńtí tú gèlè rẹ̀, ó fi bò mí lójú.

"Má wò ó," ó wí. "Àna rẹ ni."

Nígbà tí a padà kọjá ọ̀sà, akọ̀wé mi ti dé létí omi pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn títí mo fi rí ohun tí ó ṣe. Ó kọjá lára ọkùnrin tí ó gbé bàtà lọ́wọ́, ó ní, "Mùsíọ̀ amọ̀nà, ẹ ṣé o," kò sì dúró. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ níwájú bàbá tí ó ru agbọ̀n wa, tí igbá ìgbọ́nmi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá," ó wí.

Tàńtí jókòó sórí ilẹ̀ tútù. "Agbọ̀n," ó wí pẹ̀lú ohùn tínńrín. "Ẹ gba agbọ̀n lórí wọn." Èmi ń wá tábìlì kiri, kò sí.

"Nítorí náà," ni amọ̀nà béèrè, ó sì dùn ún díẹ̀, "kì í ṣe bí ẹ ṣe ń kí amọ̀nà nìyẹn?"

Nínú kamiyọ́n, àárín èmi àti Tàńtí ni bàbá jókòó sí. Ọmọ rẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn nínú eruku wa, kò mọ nǹkan kan. Èmi ń ronú ọmọ Kétu yẹn, irú aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àti ẹni tí yóò bá a rán an.

"O ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́," ni bàbá wí.

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Àwọn tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kún Kétu. Èyí tó gba ẹja lọ́wọ́ mi ni mò ń wá."

Tàńtí gbé ọwọ́ lé àyà. "O gba ẹja lọ́wọ́ wọn?"

"Ẹja kẹta ni, Tàńtí," mo wí. "Wọ́n ti jẹ méjì."

"Òótọ́ ni," ni bàbá wí. A ti ń rí àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Cadjèhoun, létí Kútọnú, nígbà tí ó yíjú sí mi. "Ìyá ọmọ yìí yóò bi mí bóyá o mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àna. Kí ni kí n sọ fún un?"

Mo gbójú sókè wò ó. Etí náà tóbi lóòótọ́.

"Ẹ sọ pé mo mọ̀ ọ́n," mo wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún."

Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí àgbàdo tó gbẹ lóko, wọ́n ti wá tọrọ mi, ìyá rẹ̀ gan-an ló sì ṣáájú wọn wọlé.