Tíṣà Tó Di Etí sí Yorùbá

Bí Tíṣà bá ti wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ báyìí, Yorùbá tán lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fi Yorùbá kí i, á máa wò ó bí ẹni ń gbọ́ igbe ẹyẹ. Bó ṣe ń kọ́ àwọn àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn: wọ́n á jọ fọ ife, wọ́n á jọ ká aṣọ, wọ́n á jọ po tíì, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni yóò máa sọ sí gbogbo rẹ̀, títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi rin wọ́n bí ìrì ṣe ń rin koríko. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó gbọ́ Yorùbá.

"Ẹ wo bàtà Tíṣà wa bí ọkọ̀ ojú omi," ni Bàbá Káfíńtà wí. "Bí òjò bá rọ̀, wọ́n á kàn wà á lọ sílé ni!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ń wo fèrèsé. Bí oòrùn ọ̀sán bá ta sára kọ́tìnì báyìí, tí èéfín tíì ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ohùn wọn a máa dún létí rẹ̀ bí ohùn ìyá rẹ̀ ní yàrá kejì, nígbà tó wà ní kékeré tí oorun ń gbé e lọ. Á fẹ́ dáhùn. Á gbé e mì.

Àfi lọ́jọ́ tí Ìyá Aránṣọ gbé aṣọ tó ń ká kalẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló torí rẹ̀ ń wá kẹ́kọ̀ọ́. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọmọ náà gbọ́. Bí wọ́n bá pera wọn lórí fóònù, èémí ara wọn ni wọ́n ń gbọ́.

"Bàbá Káfíńtà, mo ti ṣe tèmi. Kò wọ̀ mí lórí. Ẹ ò ní í rí mi lọ́la."

"Háà! Ẹ sọ fún Tíṣà."

"Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́?"

Tíṣà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bó bá fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́, bóyá ìyá náà á dúró. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún fi Gẹ̀ẹ́sì yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lẹ́yìn náà? Bó bá sì dákẹ́, ó lọ nìyẹn. Ó bu tíì, ó gbé e fún un, ó jókòó tì í, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í jẹ́jẹ́ pé kí ló dé.

Ìyá Aránṣọ wo inú ife náà pẹ́. Ó nàka sí ẹnu ọ̀nà.

"Èmi lọ," ló fi Gẹ̀ẹ́sì wí. "Ọmọ ti ọmọ mi... ó sọ̀rọ̀. Èmi dákẹ́. Èmi sunkún."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ìyá náà rí.

"Ta ni ọmọ náà jọ?" ni Tíṣà bi í, ní Gẹ̀ẹ́sì náà ni.

"Èmi! Imú, èmi!"

Tíì tutù sínú ife. Ìyá Aránṣọ kò sọ̀rọ̀ àtilọ mọ́. Ó ti rán aṣọ kan fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà, ó sì fẹ́ bi í bó ṣe rí léjìká. Ó fọwọ́ kan èjìká ara rẹ̀, ó yíjú sí Tíṣà, ó ń retí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kù.