Ọpọlọ Ọkọ̀ Bàbá Kimsui

Ẹni tó bá dé Budai tí kò gbọ́ bí Bàbá Kimsui ṣe dá òrìṣà Mazu dúró lórí afárá, onítọ̀hún kò tíì dé Budai. Ọjọ́ ọdún òrìṣà ni. Wọ́n gbé Mazu jáde nínú àga rẹ̀ tó ń dán yanranyanran, báńgà ń dún, gbogbo ìlú ń tẹ̀ lé e. Níwájú pátápátá ni ọkọ̀ akẹ́rù funfun Bàbá Kimsui wà, èyí tó fi ń kó ẹja sabahi láti adágún lọ sí ọjà Chiayi láràárọ̀. Òun ló bẹ ìlú pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé ìkòkò tùràrí ṣíwájú. Ọkọ̀ dé àárín afárá, ó hu bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó sì kú.

Afárá náà tóóró, kò sí àyè láti yà á kọjá. Àwọn tó ru òrìṣà dúró, òógùn ń bọ́ lójú wọn. Bàbá Kimsui bọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá tọrọ gáfárà, àmọ́ ṣe ni bàbá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bá Mazu nájà. Ó ní bó bá lè mú sùúrù díẹ̀, òun á fún un ní ẹja kan tó sanra; kó má wulẹ̀ béèrè méjì, ẹja wọ́n lọ́dún yìí. Ó da igi méjì tí a fi ń bi í léèrè sílẹ̀. Méjèèjì da ikùn pẹrẹsẹ wọn sókè, èyí tó jẹ́ pé ẹ̀rín ni òrìṣà ń rín. Ó tún un dà títí, Mazu ń rẹ́rìn-ín títí. Mo wà níbẹ̀, mo rí i tí èjìká ère náà ń mì. Ẹni tó bá ní mo purọ́, kó lọ bi Mazu.

Siokkim ló gbà wá. Òun ni obìnrin mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nídìí afárá, tó máa ń fọ́ ẹ̀pà jẹ látàárọ̀ dalẹ́, tí ẹ̀pà ò sì ní kó má sọ̀rọ̀. Ó ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fọwọ́ kan àpótí kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan tó ń darí ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá, ọpọlọ ọkọ̀ yín ló ń kú lọ. Omi iyọ̀ ara ẹja ti jò sí i lára pẹ́. Tó bá ti gbóná báyìí, kì í rántí mọ́ pé ọkọ̀ lòun."

Ọpọlọ ni mo kọ o, n ò kọ ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ náà ti wọ inú ọkọ̀ yẹn rí, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ là ń sọ.

Bàbá Kimsui ní irọ́ ni, ó ní ẹnìkan ló jẹ oúnjẹ ọpọlọ. Lórí àpótí yẹn ló máa ń gbé àpò ìpápánu àgbọn sí, èyí tí wọ́n ń pè ní Ṣe-Dáadáa, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń gbé e sórí ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ má baà ya pòkíì. Àpò aláwọ̀ ewé nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára kò sì gbọdọ̀ kọjá, torí ẹ̀rọ mọ oúnjẹ tó ti bàjẹ́. Wọ́n yọ àpò náà wò, òfìfo ni. Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, Giokhun.

"Ìyá Bunhiong, ta ló jẹ oúnjẹ ọpọlọ?"

Giokhun sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́, ó sì gbọn èérún àgbọn kúrò lára irunmú ọkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí ẹ̀rín, àmọ́ Bunhiong, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wálé ọdún láti Taipei. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ kí bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun lókè ilé gogoro kan, níbi tí kò ti sí ẹja àfi nínú tẹlifíṣọ̀n. Bàbá Kimsui sì ti sọ pé ọjọ́ tí òun bá dé ibẹ̀ lòun máa bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

"Bàbá," ni Bunhiong wí lórí afárá yẹn, "tí ọkọ̀ yìí bá tún kú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó kó kọ́kọ́rọ́ fún mi, a ó sì jọ máa lọ."

Bàbá Kimsui kì í gba iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè. "Lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Lẹ́ẹ̀kan."

"Lẹ́ẹ̀méjì, màá fi ìyá rẹ ṣe ènì."

Bàtà Giokhun ló parí ìdúnàádúrà náà. Ẹ̀ẹ̀kan ló dúró lé.

Kò tíì tẹ́ Bunhiong lọ́rùn. Ó ní ojú ń ti òun pé bàbá òun ń fi ìpápánu bọ ọkọ̀ láyé tó ti là yìí. Bàbá rẹ̀ bi í pé kí ló wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ní ọ́fíìsì wọn. Bunhiong wolẹ̀, ó wòkè. Ó ní aláwọ̀ ewé ni.

Ó wá di dandan kí wọ́n pààrọ̀ ọpọlọ. Siokkim mú bàbá lọ síbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù. Ẹni tó ń tà á gbé ọpọlọ kan jáde, Bàbá Kimsui ní kó kọ́kọ́ sọ ọkọ̀ ẹni tó ti jáde wá. Ọkọ̀ òkú ni. Bàbá ní rárá, á máa wọ́, á sì máa yà sí ibojì. Wọ́n gbé òmíràn wá, ti ọkọ̀ ilé ìwé. Ó ní ìyẹn á máa dúró ní gbogbo kọ̀rọ̀. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, ti ọkọ̀ ẹnìkan tó ń ta ìrẹsì onítòlótòló ló mú. Láti ìgbà tí wọ́n ti dè é mọ́ ọkọ̀ Bàbá, ọkọ̀ yẹn kì í kọjá níwájú ilé ìrẹsì onítòlótòló láìrọra dúró. Bàbá ní ìwà ọpọlọ ni. Giokhun, tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ẹsẹ̀ ọkọ òun lórí bíréèkì lòun ń wò.

Ọjọ́ tí wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀, Siokkim tú bátìrì, ó yọ ọpọlọ ògbólógbòó, ó so èyí tí wọ́n rà, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀.

"Kò mọ kọ́kọ́rọ́ yín ni, Bàbá. Mo ní láti fi wọ́n mọ ara wọn."

Bàbá Kimsui fi ẹ̀wù nu kọ́kọ́rọ́, ó bu tíì sí ife, ó gbé e síwájú àpótí náà, ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀, ti bàbá rẹ̀, àti ti adágún ẹja wọn. Siokkim fi ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ parí ìyókù, ọkọ̀ sì jí. Ó wá béèrè kọ́kọ́rọ́ kejì, èyí tó wà lọ́wọ́ Bunhiong, kó fi ìyẹn náà mọ ọpọlọ. Bàbá wo ọ̀nà Taipei títí.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," ló wí.

Nígbà òtútù, Bunhiong gbọ́ àhesọ pé ọkọ̀ ti kú lójú ọ̀nà. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin asáré wálé. Irọ́ ni, níwájú ilé ìrẹsì ni ọkọ̀ dúró sí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oúnjẹ, Bunhiong yọ́ jáde, ó fẹ́ wa ọkọ̀ náà lọ tà. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kọ̀. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ta eyín.

"Kò mọ̀ ẹ́. Ìgbà wo lo wá kí i gbẹ̀yìn?"

Ni Bunhiong bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá lóṣooṣù, kí ọkọ̀ lè mọ̀ ọ́n. Á fọ̀ ọ́, á nu dáṣíbọ́ọ̀dù, á bá bàbá rẹ̀ jẹun, á tún dán kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wò. Gbogbo Budai mọ̀ pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lọ́wọ́ Siokkim. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Bàbá Kimsui kú lórí ibùsùn rẹ̀ ní Budai, lẹ́yìn tó ti já ẹja ọjọ́ náà tán. Nígbà tí a sin ín tán, Siokkim wá bá Bunhiong, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sí ẹ̀pà lẹ́nu rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá báyìí, kí òun fi í mọ ọpọlọ náà.

Bunhiong rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kó fi sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ bàbá rẹ̀ ló mú. Ó gbé àpò aláwọ̀ ewé tuntun sórí àpótí, ó yẹ ọjọ́ ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀méjì, ó wá fọwọ́ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù jẹ́jẹ́.

"Ṣe dáadáa o, ọmọ mi."

Ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń wí láràárọ̀ nìyẹn, nígbà tó ń fi ọkọ̀ yẹn gbé e lọ sílé ìwé. Títí ó fi dàgbà, kò mọ̀ bóyá òun ni bàbá ń sọ fún ni, àbí ọkọ̀.

Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n jáde lọ, òun àti ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé ìrẹsì onítòlótòló, ọkọ̀ náà rọra dúró. Giokhun wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀.