Ṣúgà Tí Wọ́n Fún Mi Tọ́jú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ máa ń ka ojú ìwé àwọn obìnrin yìí, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ṣúgà. Kì í ṣe ìròyìn tó dùn ún sọ. Ọkọ mi tiẹ̀ ní kí n má kọ ọ́ rárá. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì lè dá a gbé mọ́.

Tíṣà ni mí. Ọmọ Odò-Ọwá ni mí, ṣùgbọ́n Aràmọ̀kọ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi máa ń bá ilé iṣẹ́ kan ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ẹ̀fọ̀n ló ń gbé láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé. Èmi àti Dúpẹ́ ọmọ wa la máa ń wà nílé.

Tí ẹ bá bi mí pé níbo ni mo ti kó ìfẹ́ ohun dídùn, màá ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ wa níṣẹ́ tíṣà ni. Nílé bàbá mi, iyán là ń jẹ, ta ló ń rí ṣúgà? Àmọ́ nílé ẹ̀kọ́ yẹn, àràárọ̀ ni tíì àti búrẹ́dì! Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á fi ẹyọ méjì ṣúgà onígun sí tíì, èmi á fi mẹ́fà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á ní kí n kúkú fi ife sílẹ̀ kí n máa jẹ ṣúgà náà ní gbígbẹ. Eré la fi ń ṣe.

Nígbà tí mo wá ń ṣiṣẹ́, ta ni yóò dá mi dúró? Mílíìkì inú agolo, èyí tó ki tó ń fà bí oyin, mo lè lá odindi agolo kan tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Bisikíìtì ńkọ́? Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ńkọ́? Míníra aláwọ̀ pupa tí wọ́n ń kó wá láti Adó ńkọ́? Tí mo bá ń kọjá lówùúrọ̀ níwájú ilé oníbúrẹ́dì, tí òórùn búrẹ́dì gbígbóná bá gbá mi nímú, ṣe ni ẹsẹ̀ mi máa ń dúró fúnra rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà tí òùngbẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mí. Mo mu omi títí, kò pa á. Mò ń tọ̀ ṣáá. Mo lè jáde nínú kíláàsì lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó lu agogo ìsinmi, àwọn ọmọ á máa wo ara wọn lójú. Mo ń rù, aṣọ ń yọ̀ lára mi. Ọjọ́ tí mo rí èèrà tó ṣù bo ibi tí mo tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé, jìnnìjìnnì bò mí.

Ọkọ mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó kọ oògùn, ó lọ. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó ní àtọ̀gbẹ ni. Ó ní oògùn wà, àmọ́ ẹnu mi gan-an ló máa pa mí tàbí kó gbà mí là. Bí n kò bá jáwọ́ nínú ohun dídùn, ó ní ojú mi lè fọ́, egbò ẹsẹ̀ lásán sì lè mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀wà ni kí n máa jẹ, àti ẹ̀fọ́, àti ẹja, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Iyán ńkọ́? Ó ní kò gbọdọ̀ ju ìkúùkù ọmọdé lọ.

Iyán! Ẹ gbọ́ o, ọmọ Èkìtì ni wọ́n ń bá wí bẹ́ẹ̀! Mo ní ayé mi ti bàjẹ́.

Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé iyán kò ṣòro. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti gbà pé kékeré ni tèmi. Ṣúgà ni kò gbà kí n sinmi.

Ọkọ mi sa ipá rẹ̀. Ó kó gbogbo ohun dídùn inú ilé, ó fi ta àwọn ará ilé kejì lọ́rẹ. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu tíì láìsí ṣúgà, á máa fún ojú pọ̀ bí ẹni tó ń mu àgbo. Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, mo bẹ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ sin ọ́." Ṣé ẹni tí ọkọ rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún kò yẹ kó jáwọ́?

Mo gbìyànjú o! Ojoojúmọ́, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ni nǹkan náà máa ń dé. Kì í ṣe ebi. Ó dà bíi pé ẹnìkan ń pe orúkọ mi. Mo jẹ orógbó, mo mu omi, mo rìn yí pápá ilé ẹ̀kọ́ ká, mo gbàdúrà. Ọjọ́ mìíràn, mo borí. Ọjọ́ mìíràn, màá rin ọ̀nà ẹ̀yìn lọ ra bisikíìtì. Ẹ fojú inú wò ó: tíṣà, abilékọ, tó fara pamọ́ sẹ́yìn igi káṣú tó ń jẹ bisikíìtì! Màá nu ẹnu, màá padà wọ kíláàsì lọ kọ́ àwọn ọmọ nípa oúnjẹ aṣaralóore.

Oṣù ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí wọlé. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tó ń jẹ́ Rísíkátù, bàbá rẹ̀ ń ta ọjà wẹ́wẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú páálí ṣúgà onígun kan wá bá mi nídìí tábìlì. Ó ní ìyá bàbá òun ni wọ́n ní kí òun mú un lọ fún tí a bá jáde, pé òun ni màmá náà máa fi mu ẹ̀kọ gbígbóná nígbà ìṣínu. Ẹ̀rù ń bà á kí àwọn ọmọ má lọ já a gbà.

Ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, mà."

Mo gbà á. Kí ni ǹ bá ṣe? Kí n sọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé ẹ̀rù ṣúgà ń bà mí? Mo tì í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi.

Kò tó wákàtí kan tí mo fi já páálí náà. Mo ní ẹyọ kan péré. Àwọn ọmọ dorí kodò, wọ́n ń ṣe ìṣirò, mo sọ ọ́ sẹ́nu. Háà! Mo ní ẹyọ kan sí i, màá ra òmíràn dípò rẹ̀ nígbà ìsinmi. Nígbà tí mo ti ní màá ra òmíràn, ṣé ẹ rí i, kò sí ohun tó tún dá mi dúró mọ́. Nígbà ìsinmi, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pe gbogbo tíṣà sí ìpàdé, n kò lè jáde. Nígbà tí agogo ìjádelọ fi máa lù, páálí náà ti ṣófo.

Rísíkátù wá dúró níwájú mi, ó na ọwọ́ méjèèjì. Gbogbo kíláàsì ń wò wá.

Mo ṣí dúrọ́ọ̀. Mo wò ó bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹnu mi wá sọ ọ̀rọ̀ tí n kò rán an. Mo ní, "Ta ló mú ṣúgà Rísíkátù?"

Ẹ̀yin ènìyàn, mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ yẹn padà sẹ́nu! Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ti yí sọ́dọ̀ ọmọ kan, Bọ́sẹ̀. Ọmọ òrukàn ni, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Ó ti jí ẹ̀pà ọmọ kan jẹ rí, láti ìgbà náà ni orúkọ olè sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Òun ló gbá kíláàsì nígbà ìsinmi lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló dá wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ti ń pariwo, "Bọ́sẹ̀ ni! Bọ́sẹ̀ ni!"

Ariwo náà ló gbé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ dé. Ó bi ọmọ náà léèrè. Bọ́sẹ̀ ní òun kò mú un.

Ọ̀gá ní ta ló wá mú un?

Ọmọ yìí wò mí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò gbóhùn sókè rárá: "Mo rí Tíṣà, sà. Tíṣà ń jẹ nǹkan nígbà tí a ń ṣe ìṣirò."

Ọ̀gá gbaná jẹ. Ó ní olè ni, ó tún ní àfojúdi. Ẹgba mẹ́fà tó fẹ́ nà án di méjìlá. Mo dúró síbẹ̀. Mo ń ka ẹgba náà nínú mi, adùn ṣúgà ṣì wà lẹ́nu mi. Ṣé ẹ rò pé mo sọ̀rọ̀?

Mo ra páálí ṣúgà tuntun, mo sáré gbé e lọ fún ìyá àgbà náà kí oòrùn tó wọ̀. Màmá náà ti gbọ́ pé wọ́n jí ṣúgà náà mọ́ ọmọ òun lọ́wọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ wọ ulé, ọmọ mi. Ẹ wá jókòó." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á san mí lẹ́san oore. Àdúrà yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ́sẹ̀ kò wá sílé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kẹta, kò wá. Ọjọ́ Ẹtì tí ọkọ mi dé, mo jẹ́wọ́ fún un. Kò bú mi. Ó fọwọ́ lérán, ó ní ilé àbúrò ìyá ọmọ náà la máa lọ lówùúrọ̀.

A lọ. Mo kúnlẹ̀ síwájú obìnrin náà, mo ní èmi ni mo jẹ ṣúgà náà. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó rẹ́rìn-ín! Ó ní, "Ẹ dìde, Tíṣà. Àánú yín ti pọ̀ jù. Ẹ má ṣe tìtorí ọmọ olè kúnlẹ̀." Àfìgbà tí ọkọ mi búra pé òótọ́ ni kó tó dákẹ́. Ó wá ní ọmọ ti lọ, òun ti fi ránṣẹ́ sí oko ìbátan àwọn lẹ́yìn Ìlògbò, nítorí òun kò lè máa bọ́ olè.

A wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlògbò, a fẹsẹ̀ rìn wọ oko. A bá Bọ́sẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí òkìtì kòkó, ó ń yọ kóró rẹ̀ sínú agbọ̀n. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Èmi náà kúnlẹ̀ sínú èèpo kòkó. Mo ní, "Bọ́sẹ̀, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ìwọ kò jalè."

Ó ní, "Mo mọ̀, mà."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká jọ padà lọ, màá sọ fún gbogbo kíláàsì. Ó ní òun kò lọ. Ó ní, "Tí nǹkan bá tún sọnù, èmi náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, mà." Ó tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá!

Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ fún ọ̀gá. Ó ní kí n pa ẹnu mọ́, kí n má ba orúkọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. Mo sọ ọ́ fún kíláàsì bó tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Rísíkátù bú sẹ́kún. Àwọn tó kù kàn ń wò mí. Wọ́n gbé mi kúrò ní Aràmọ̀kọ́ lọ sí Ìjerò kí ọdún tó parí, Bọ́sẹ̀ kò sì padà sílé ẹ̀kọ́ títí di òní.

Ẹ ó ní ó dára, ó kéré tán, ìtìjú yẹn á ti wò mí sàn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ti oko yẹn bọ̀ gan-an, ọkọ̀ wa dúró, obìnrin kan gbé búrẹ́dì wá sójú fèrèsé, mo rà á, mo sì jẹ ẹ́ tán lójú ọkọ mi. Omijé ń ṣàn lójú mi, mo ń jẹ búrẹ́dì. Ọkọ mi kọjú síta.

Ọdún mẹ́ta rèé. Mò ń jẹ ẹ̀wà, mò ń jẹ ẹ̀fọ́, mò ń lo oògùn. Màá ṣe dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin, ní ọjọ́ karùn-ún màá ṣubú. Egbò kan wà lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ mi láti ìgbà òjò tí kò tíì jinná. Ojú mi òsì ń rí pátákó ìkọ̀wé bí ìgbà tí èéfín bò ó.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Tí ohun kan bá ti lágbára lórí yín, ẹ tètè sọ ọ́ síta, bó bá tilẹ̀ jẹ́ fún ọmọdé. Ká ní mo ti sọ fún Rísíkátù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé, "Ọmọ mi, gbé e fún tíṣà mìíràn, èmi kò lè tọ́jú ẹ̀," ṣe ni ì bá kàn fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ tí mo ní nìyẹn. Ti bí èèyàn ṣe ń jáwọ́, n kò mọ̀ ọ́n, n kò ní parọ́ fún yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnìkan wà nínú yín tó ní irú àìsàn yìí, tó sì ti jáwọ́ nínú ohun dídùn pátápátá? Báwo lẹ ṣe ṣe é? Kí lẹ máa ń ṣe tó bá di aago mẹ́wàá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé ránṣẹ́ sí ojú ìwé yìí, màá máa retí rẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, kí n lè fúnra mi kà á.