Àwọn Ẹyẹ Etí Odò tí Ìyá Àgbà Mọ̀

Gbogbo ẹyẹ funfun ni mo ń pè ní lékeléke, kí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, tó là mí lójú. Èmi tí wọ́n tọ́ ní Igbudu, láàárín ìgboro Warri, kí ni mo mọ̀ nípa ẹyẹ? Ará Ìlàjẹ lòun, orí omi ló ti lo ayé rẹ̀. Ó ní ẹnu lékeléke kúrú, ó ní àwọ̀ ìyeyè, kò sì bẹ̀rù èèyàn. Àmọ́ òmíràn wà tí ẹnu àti ojúgun rẹ̀ dúdú, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wá ní àwọ̀ ìyeyè bí ẹni wọ bàtà ọdún. Ojo nìyẹn. Bó bá ti gbúròó èèyàn nínú igbó, ó ti lọ.

Mo fẹ́ràn láti máa wo Ìyá Àgbà bó ṣe ń wo ẹyẹ. Á di ojú kan, á ní, "Mẹ́ta ni, tòkè yẹn sì ti darúgbó." Kò mọ̀wé o, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ọ̀mọ̀wé tó tó o.

Nígbà tí ìjà Warri le, ìyá mi há sí abà àwọn apẹja lódìkejì odò, níbi tó ti lọ yan ẹja. Ẹ̀rù bà mí pé mi ò ní rí i mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ìbọn dákẹ́, èmi àti Ìyá Àgbà gbé ọkọ̀ láàárọ̀ láti lọ mú un. Bá a ṣe ń sún mọ́ èbúté, mo rí ẹyẹ funfun rẹpẹtẹ lórí igi. Mo rò pé kò séèyàn níbẹ̀, mo bá sọ fún Ìyá Àgbà pé:

"Mama, bird full there! Make we dey go."

Ìyá Àgbà gbé àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ sókè. "Lékeléke nìkan ni. Omi ti fà, ẹrọ̀fọ̀ ti yọ, ẹlẹ́sẹ̀ ìyeyè tó máa ń jẹun níbẹ̀ dà? Èèyàn wà nínú igbó yẹn."

Ó rò pé àwọn oníbọn ni. Ó yí ọkọ̀ padà, mo sì sunkún délé.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ìyeyè ti padà sórí ẹrọ̀fọ̀. A kọjá, a bá ìyá mi ní etí abà, ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ yánnayànna.

"Mo rí yín lánàá," ló wí. "Inú igbó yẹn ni mo wà, mò ń wọ̀nà fún ọkọ̀. Mi ò lè pariwo, mi ò mọ ẹni tó tún máa gbọ́."

Ìyá Àgbà tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ níwájú ọmọ tó bí.

"Ha, Ìyá mi, ẹ dìde! Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Kò dìde, títí ìyá mi fi bá a kúnlẹ̀.