Yàrá Tí Mo Mú Tutù Jù

Òórùn ọṣẹ apakòkòrò ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ wa ní Ìsọlọ̀, òtútù á sì tẹ̀ lé e. Èmi ni mò ń nu ilẹ̀ ibẹ̀, èmi náà ni mò ń ti aláìsàn wọlé. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó parí ìwé girama nílé ẹ̀kọ́ alẹ́, mi ò sì rí iṣẹ́ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí: bí iṣẹ́ ẹni bá kéré, ènìyàn á wá ohun kan nínú rẹ̀ tí yóò máa fi yangàn. Tèmi ni ẹ̀rọ amúlétutù. Dókítà wa sanra, òógùn sì máa ń bò ó lábẹ́ ẹ̀wù gígùn, nítorí náà mo máa ń tan ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ láti òwúrọ̀ kùtù. Bó bá wọlé, á ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ibí ti dára." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń yó mi.

Lọ́jọ́ kan, òjò ń rọ̀, iná ò sì ṣẹ́jú rárá. Wọ́n gbé obìnrin kan wá tó ń ta aṣọ ní ọjà Aswani. Ó ti ń rọbí láti àná, ọmọ kò sọ̀kalẹ̀, àfi kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé e. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé wa dé ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú kúbùsù tuntun tó ṣì wà nínú ọ̀rá. Mo dá a padà. "Mọ̀mọ́, aṣọ ilé kì í wọ ibí." Òfin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ ọ́ le ju òfin lọ.

Wọ́n gún obìnrin náà lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ara rẹ̀ láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ kú tipiri. Wọ́n fi oògùn tútù nu ikùn rẹ̀. Kò pẹ́ tí eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn.

"Bàbá, òtútù ń pa mí o."

"Ẹ̀rù ló ń bà ọ́, ìyàwó. Fọkàn balẹ̀."

Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé ọmọ jáde, obìnrin ni, ó ké wẹ́rẹ́ bí ọmọ ológbò. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá. Nọ́ọ̀sì àgbà, tí a ń pè ní Sistá, fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó wọn ìgbóná ara rẹ̀, ojú Sistá yí padà.

"Ara obìnrin yìí ti tutù jù. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá tutù báyìí kì í tètè dì. Ta ló tan ẹ̀rọ yìí sílẹ̀?"

"Èmi ni, Sistá. Láti àárọ̀."

"Ẹ pa á! Ṣé ẹ rò pé ẹja dídì là ń tà níbí ni?"

Dókítà kò gbójú sókè. "Sistá, òógùn á máa kán sí mi lójú o."

"A ó máa nù ún. Òógùn ò tíì sọ ọmọ kankan di aláìníyàá rí."

Mo pa ẹ̀rọ náà. Sistá ní kí n po omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́ ńlá, kí n ri àpò omi dríìpù sínú rẹ̀, kí n máa fi ọrùn ọwọ́ dán an wò kó má baà gbóná jù. Kúbùsù kan ṣoṣo tí a ní ti rin. Mo jáde lọ bá ìyá náà.

"Mọ̀mọ́, ẹ jọ̀ọ́, kúbùsù yẹn dà?"

"Èyí tẹ́ ẹ lé padà?"

"Mo ṣì í, mà."

Ó fa ọ̀rá rẹ̀ ya, ó sì gbé e fún mi.

A fi bo àyà àti apá aláìsàn náà, níbi tó jìnnà sí ojú abẹ, a tẹ́ ọmọ sí àyà rẹ̀ nínú kúbùsù náà. Yàrá gbóná bí ilé ìdáná. Mò ń nu iwájú orí Dókítà, ẹsẹ̀ ń ro mí. Ó pẹ́ kí eyín obìnrin náà tó dákẹ́. Ó tún pẹ́ gan-an kí Dókítà tó sọ pé, "Ó ti dá."

Nígbà tí mo délé ní Òkè-Àfà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìbọ́ bàtà. Ìyàwó mi ti kú ṣáájú ìgbà yẹn. Nínú àìsàn rẹ̀, bó bá ní òtútù ń mú òun, àní nínú ooru Èkó, mi ò bá a jiyàn, mo máa ń bò ó ni. Obìnrin Aswani sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi í rẹ́rìn-ín, nítorí kì í ṣe ẹni tèmi. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò rí ìdí mìíràn.

Ó ti rẹ̀ mí báyìí, ṣùgbọ́n mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Dókítà ń ráhùn pé yàrá ń móoru, mo máa ń gbé aṣọ ìnujú fún un. Bí ẹni tó wà lórí tábìlì bá sì sọ pé òtútù ń mú òun, mi kì í dá a lóhùn mọ́. Mo máa ń kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé apá rẹ̀ ná.