Ìtì Igi Abẹ́ Fèrèsé

Gbẹ́nàgbẹ́nà fi eékánná àtàńpàkò tẹ ìtì igi náà. Eékánná rì wọlé bí ẹni tẹ ọṣẹ tó rin. Ó fà á yọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé e súnmọ́ imú, ojú rẹ̀ sì le.

Ajẹgi.

Ọ̀tá àtijọ́. Ilẹ̀kùn tí inú rẹ̀ ṣófo. Àga tí oníbàárà gbé padà pẹ̀lú èébú. Àbí ìyàwó rẹ̀ tí kò lè rìn mọ́ kọ́ ló dùbúlẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé yìí? Bí àwọn ajẹgi bá gun òrùlé ńkọ́? Ó da kẹrosíìnì sí ìtì náà, ó ṣáná.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn.

Ilé tí wọ́n ń kó òkú kòkòrò pamọ́ sí fún ìwádìí ni ìyàwó ti ṣiṣẹ́, tó ń fi abẹ́rẹ́ gún wọn mọ́ pátákó, títí ẹsẹ̀ fi kọ iṣẹ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tó ń pa á lẹ́rìn-ín: àwọn kòkòrò oníwo gígùn tí ń wá jẹ lẹ́búlẹ́bú òdòdó funfun níwájú fèrèsé. Ara yẹ́lò, ìlà dúdú, ìdí ṣóńṣó.

"Wò ó bó ṣe ń ṣe bí agbọ́n," ló máa ń wí, "kò sì ní oró kankan. Bí ìwọ náà nígbà tó o ń fẹ́ mi."

Òjò dé. Òdòdó tanná. Oyin wá, labalábá wá. Àwọn oníwo gígùn kò wá. Ìyá Abẹ́rẹ́ ní kí ọkọ òun gbé oúnjẹ tì ná.

"Bàbá wọn, ìtì igi abẹ́ fèrèsé dà?"

"Mo ti sun ún. Ajẹgi kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n wó ilé lé ẹ lórí ni?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ yí ojú sí òdòdó funfun náà.

"Àwọn ọmọ oníwo gígùn mi nìyẹn. Igi tó ti jẹrà ni wọ́n ń gbé inú ẹ̀, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Wọn kì í jẹ pákó ilé. Bí wọ́n bá dàgbà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lórí òdòdó, ó parí."

"Mi ò mọ̀."

"O ò bi mí."

"Màá wọ́ òmíràn wá láti inú igbó. Lónìí olónìí."

"Kí wọ́n tó yé ẹyin sí i, kí ọmọ tó dàgbà." Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. "Ta ló máa dúró dè wọ́n?"

Ẹyin ti fọ́, kò ṣeé kó mọ́.

Ní ọjọ́ kejì gbẹ́nàgbẹ́nà yí ibùsùn kúrò níwájú fèrèsé, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe wí. Láti ìgbà náà, ògiri ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ń kọjú sí.