Ìyá Tí Ó Ń Hun Ẹkùn

Àwọn tí ń mu kọfí ní ìsọ̀ etí odò sọ pé igún ni Bunchuai. Wọ́n ní kò lè gba iwájú ilé aláìsàn kọjá kí ó má yọjú ní fèrèsé, kí ó wo bí onítọ̀hún ṣe ń mí, kí ó sì máa fi ọkàn wọn iye ojú ewé tí ayé rẹ̀ yóò gbà. Àwọn ìyá tí ń gbé oúnjẹ àárọ̀ fún àwọn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà ní tẹ́ńpìlì sọ òdìkejì. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ òkú ará ìlú bíi tirẹ̀, pé ó ti sunkún lórí àwọn tí ọmọ wọn gan-an kò sunkún lé. Mo ti gbé ìlú Chanthaburi ní ilẹ̀ Táì yìí pẹ́ tó láti gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì, n kò sì rí ìdí tí ọ̀kan nínú wọn fi gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ ìtàn àwọn òkú.

Ní ìlú wa, wọn kì í sun òkú ẹni tí ó ní ọmọ gidi láìpín ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn tí ó wá. Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé ni yóò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àdúrà díẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú bí olóògbé ṣe ń se ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Ìwé ìròyìn láti Bangkok a máa dé bá wa nígbà tí ìròyìn inú rẹ̀ bá ti kan. Ìwé òkú nìkan ni kì í kan. Ẹni tí kò ra ìwé rí láyé rẹ̀ lè ní ìwé rẹpẹtẹ lórí pákó ilé rẹ̀, gbogbo rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn òkú.

Títo lẹ́tà òjé kéékèèké tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ni Ọ̀gá Heng gba Bunchuai fún ní ilé ìtẹ̀wé rẹ̀. Ṣùgbọ́n omijé àti fọ́tò nìkan ni àwọn ọmọ olóògbé máa ń mú wá. Òun ni ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè, òun náà ni ó ń kọ ọ́. Nísàlẹ̀ ìtàn, gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọn a kọ ọ́ pé láti ọwọ́ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni. Ní ojú ewé ìkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí òfin, wọn a kọ orúkọ Ọ̀gá Heng tí ó tẹ̀ ẹ́. Orúkọ Bunchuai kò sí níbì kankan. Ó fẹ́ kí ó wà níbì kan. Kò sọ ọ́ jáde rí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ojú rẹ̀ níbi tí ó ti ń pín ìwé lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì yóò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan wà nígbà tí Phadung dé. Ohùn ni ó gbé bọ̀ láti Bangkok. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé rédíò sórí òkè, òun ni wọ́n sì fi sídìí ìròyìn àti ìkéde. Láàárín oṣù díẹ̀, kò sí ìsọ̀ tí ohùn rẹ̀ kò sí. Bunchuai kò lè fara dà á.

"Afẹ́fẹ́ lásán," ni ó máa ń wí. "Tó bá sọ ọ́ tán, kí ló kù? Ẹ fọwọ́ kàn án kí n rí."

Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ wákàtí tí Phadung ń sọ̀rọ̀ tó Bunchuai.

Ní ọdún yẹn ni Ìyá Kimlang kú, obìnrin tí ó ń hun ẹní koríko odò ní ẹ̀yìn afárá. Láti ìgbà tí ó ti ń wúkọ́ ní àkókò òjò ni Bunchuai ti to ìtàn rẹ̀ sí orí. Àfi bí ọmọ Kimlang obìnrin, Sangwian, ṣe wọ ilé ìtẹ̀wé tòun ti Phadung.

"Bàbá Bunchuai, ẹ kú iṣẹ́ o. Phadung ló máa bá wa kọ ti ìyá wa."

"Phadung wo?"

"Ah-ah, Phadung mélòó la ní? Ti rédíò ni."

"Ṣé òun náà ti ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ ni? Mo ṣebí ẹnu ló fi ń jẹun."

Phadung rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú. Tí ò bá dáa, ẹ ó bá mi tún un ṣe."

"Èmi kẹ̀? Òjé ni mò ń tò ní tèmi. Ohun tí mo bá rí ni mò ń tò."

"A máa fi orúkọ ẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́," ni Sangwian wí. "Àwọn èèyàn á fẹ́ mọ̀ pé òun ló kọ ọ́."

Bunchuai yí padà sí àpótí òjé rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá lójú níwájú àna.

Nígbà tí ìwé àfọwọ́kọ náà dé, ó kà á láti fi wá àṣìṣe. Ohun tí ó dùn ún jù ni pé ó dára. Ìlara a máa fara da ọ̀tá tí ó ṣe iṣẹ́ játijàti. Èyí tí ó ṣe dáadáa ni kì í jẹ́ kí ó jẹun. Lẹ́yìn náà ni ó wá rí i. Ní èdè Táì, ohùn nìkan ni ó ya ẹkùn kúrò lára ẹní. Lójú ìwé, ìlà kékeré kan lókè, tí kò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ, ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ti kọ *ọkọ* rí nígbà tí ó fẹ́ kọ *ọkọ̀* kò nílò àlàyé mi. Phadung ti kánjú, ó gbàgbé ìlà náà, ó sì kọ ọ́ pé: "Títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ìyá wa ń hun ẹkùn."

Irú èyí, ẹni tí ń to lẹ́tà a máa tún un ṣe láìsọ̀rọ̀, bí ènìyàn ṣe ń ṣa òwú kúrò lára fìlà àlejò. Ọwọ́ Bunchuai ti mú òjé tí ó ní àmì. Ó dá a padà sí àpótí, ó sì mú èyí tí kò ní.

"Ohun tí mo bá rí ni mò ń tò," ni ó wí, kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí tí ó bi í.

Ní ọjọ́ tí wọ́n sun òkú, ó dúró lẹ́bàá òpó tẹ́ńpìlì, ó ń retí ẹ̀rín. Olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ń ka ìwé náà sókè fún àwọn tí ojú wọn kò ríran mọ́. Ó dé ibẹ̀, ó dúró, ó sì tún un kà.

"Ó ń hun ẹkùn! Ẹ gbọ́ o! Obìnrin tó fi koríko odò tọ́ ọmọ láìsí ọkọ nílé, tí ò bá ṣe ẹkùn, kí ló ń hun?"

Sangwian bú sẹ́kún. Àwọn àgbàlagbà mi orí. Kí ọjọ́ tó rọ̀, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní gbogbo ìsọ̀ kọfí, wọ́n sì ń gbọn ọwọ́ Phadung. Phadung la ẹnu, ó sì tún pa á dé.

Bunchuai kò lè sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó gbẹ́ kòtò fún Phadung, kòtò náà sì sun omi dídùn. Bí ìyàwó ẹnì kan bá jí lọ sí oko kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a ní ó ń hun ẹkùn, wọn a sì fi kún un pé, "Phadung kúkú ti wí i." Gbólóhùn kan ṣoṣo tí ìlú há sórí láti ilé ìtẹ̀wé náà, ọwọ́ òun Bunchuai ni ó ti jáde, orí ẹlòmíràn ni wọ́n sì gbé adé rẹ̀ lé.

Nígbà tí Sangwian ní kí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ fún ìrántí ìyá rẹ̀, Bunchuai fi òjé tí ó ní àmì sí àpò, ó sì gun òkè lọ sí ilé rédíò lọ́sàn-án gangan. Ní gbogbo ọ̀nà ni ó ń to èébú rẹ̀.

Phadung fún un ní àga. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ tò ó. Ẹ rí i, àbí ẹ ò rí i?"

"Mo rí i."

"Ẹ wá fi mí sílẹ̀ báyẹn."

"Ìwọ náà gbọ́ ìyìn, o sì gbé e mì."

"Kí ni ǹ bá sọ? Wọ́n ti ń sunkún."

Bunchuai ju òjé náà sórí tábìlì. "Ẹní ni Kimlang ń hun. Mo ti sùn lórí ẹ̀ rí. Mo fẹ́ dá a padà sí ẹní."

Ó ti múra ìjà. Ṣùgbọ́n Phadung kàn fi ìka yí òjé náà.

"Ẹ dá a padà, bàbá. Tí wọ́n bá ti ń kí mi, ṣe ló ń ṣe mí bíi pé mo jẹ oúnjẹ olóúnjẹ. Màá sọ fún Sangwian fúnra mi."

Èébú tí Bunchuai tò wá kò wúlò mọ́. Ó mú òjé náà, ó dìde, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ó tún ku nǹkan kan ni?" ni Phadung bi í.

"Níbi tí wọ́n kọ orúkọ ẹ sí." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Nísàlẹ̀ ẹ̀, àyè kékeré kan wà."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Mo lè fi lẹ́tà tó kéré jù tò ó, kò ní í gba tìẹ lójú. Bá mi bẹ Sangwian kó jẹ́ kí n fi tèmi síbẹ̀."